Ọmọ Ti Tẹ̀ka ní Tẹ́ṣàn, Ọjọ́ 90 sì Ti Kọjá

  

Ọ̀rọ̀ gọ́tà iwájú ọjà tí a ṣèlérí pé a ó kọ síbí, ẹ jẹ́ kó di ìgbà mìíràn. Ní ìpàdé wa tó kọjá ní Ẹ̀pẹ́ (Ẹ̀pẹ́ tiwa ní Ṣágámù níbí o, kì í ṣe ti Èkó), ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ jọ̀ọ́ yá òun lówó, òun fẹ́ fi gba ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ ọmọ òun ní kóòtù. A rò pé ọ̀rọ̀ béèlì ni. Ìgbà tí a bi í léèrè dáadáa la tó mọ̀ pé ọmọ náà ti wà lẹ́wọ̀n láti ọdún kan àti oṣù méjì, pé ọdún 21 ni adájọ́ kà fún un, àti pé láti ọjọ́ náà kò sí ẹni tó bá a pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìpàdé wa tó máa ń pariwo, ṣe ló pa lọ́lọ́.

Kí irú ẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì, a lọ bẹ lọ́yà obìnrin kan tó jẹ́ oníbàárà ọ̀kan nínú àwọn aláta wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá jókòó tì wá, kò gba kọ́bọ̀. Ohun tó sọ la kọ síbí. Ìwé mẹ́fà làwa kà, a kì í ṣe lọ́yà. Èyí tí kò yé wa, a ní kó tún un sọ. Èyí tí kò sì yé wa síbẹ̀, a ò kọ ọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe lọ rèé. Ọ̀kadà ló ń gùn. Wọ́n mú un pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fipá gba owó lọ́wọ́ ẹnì kan lójú ọ̀nà. Ọjọ́ kẹta ni ìyá ẹ̀ tó rí i ní tẹ́ṣàn. Ojú ẹ̀ ti wú. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ sì ti tẹ̀ka sí i. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé bí òun bá ti tẹ̀ka, òun á máa lọ sílé. Ìyá wá owó, ó fún wọn. Wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá lọ́yà, pé lọ́yà á kàn ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni. Ó gbọ́ tiwọn.

Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, tí agbẹjọ́rò ìjọba mú ìwé náà jáde, ọmọ náà ní òun ò mọ ìwé náà rí. Ó rò pé bí òun bá sẹ́ ẹ pátápátá, ibẹ̀ ló máa parí sí. Kò sọ pé wọ́n lu òun. Kò sọ pé wọ́n ṣèlérí fún òun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ibí yìí mú, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ náà ti fọ́.

Ìwé tí ọlọ́pàá bá gbà

Ohun tí òfin ń pè ní ìjẹ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ló ṣe nǹkan náà, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má rò pé nǹkan kékeré ni. Ní orílẹ̀-èdè wa, bí ìjẹ́wọ́ bá wá látọkàn ẹni tó sọ ọ́, tó sì ṣe tààrà, adájọ́ lè ti ara rẹ̀ nìkan dá ẹjọ́, bí kò tilẹ̀ sí ẹlẹ́rìí kan tó rí i. Lóòótọ́ àwọn adájọ́ máa ń fẹ́ rí nǹkan mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó máa tì í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n òfin kò ní kò di dandan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wádìí ẹjọ́ ní tẹ́ṣàn fi ń lé ìwé yìí bí ẹni lé ajá. Bí ó bá ti rí i gbà, kò ní láti máa rìn kiri wá ẹlẹ́rìí mọ́.

Òfin kan náà ló sì dí ọ̀nà ìjẹkújẹ. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní orí kọkàndínlọ́gbọ̀n, sọ pé bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá ní ìnira ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, tàbí pé wọ́n sọ nǹkan kan tàbí ṣe nǹkan kan tó lè mú kéèyàn sọ ohun tí kì í ṣòótọ́, kóòtù kò gbọdọ̀ gba ìwé náà àfi bí ìjọba bá fi hàn, tí kò sí iyèméjì níbẹ̀, pé wọn ò gbà á lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ o. Kì í ṣe ọmọ yín ló máa fi hàn pé wọ́n lu òun. Ìjọba ló máa fi hàn pé wọn ò lù ú. Òfin náà sì túmọ̀ ìnira: ìyà àjẹkúdórógbó, ìwà tó ń rẹni sílẹ̀ bí ẹranko, lílù, àti kí wọ́n kàn dẹ́rù bani pé àwọn máa luni. Ní ọdún 2017 wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tó dojú kọ fífi ìyà jẹ ẹni tó wà ní àhámọ́. Ìyẹn náà ní ohun tí wọ́n bá fi ìyà gbà lẹ́nu èèyàn kò gbọdọ̀ di ẹ̀rí ní kóòtù.

A bi lọ́yà náà pé bí òfin bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ọmọ wa fi wà lẹ́wọ̀n? Ó ní nítorí pé ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ.

Ẹ̀yin tó ń ta gbànja ní Sábó, ẹ mọ èyí ju lọ́yà lọ. Bí oníbàárà yín tó wá láti òkè Ọya bá tú àpò obì, tó rí kòkòrò, ojú ẹsẹ̀ ló máa pariwo. Ẹ ó jọ wò ó, ẹ ó jọ ṣà á. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí wọ́n di àpò, tó sanwó, tó gbé e sínú ọkọ̀, tó wá di Kánò kó tó ní obì ti kó kòkòrò, ta ló máa dá a lóhùn? Bí ìwé ìjẹ́wọ́ ṣe rí ní kóòtù nìyẹn. Ìgbà tí agbẹjọ́rò ìjọba bá ní òun fẹ́ gbé ìwé náà kalẹ̀ ni wọ́n ń tú àpò. Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ yín tàbí lọ́yà ẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde pé, "A takò ó, wọ́n lu òun kí òun tó sọ ọ́," tàbí, "Wọ́n ṣèlérí fún òun ni."

Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ ńlá dúró. Á kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ kékeré kan lórí ìwé yẹn nìkan, ẹjọ́ nínú ẹjọ́ ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ náà á wá sọ bó ṣe gbà á, lọ́yà á bi í léèrè: ọjọ́ wo ni, àgó mélòó, ta ló wà níbẹ̀, kí ló dé tí ẹ fi gbé e lọ sí ẹ̀yìn tẹ́ṣàn? Ọmọ náà á fi ojú ọgbẹ́ hàn. Bí ìjọba bá kùnà, wọ́n á sọ ìwé náà nù, adájọ́ kò sì ní lò ó mọ́.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá ní, "Èmi ò sọ ọ́ rí, èmi ò mọ ìwé yìí," ìyẹn yàtọ̀ pátápátá. Kò ní sí ẹjọ́ nínú ẹjọ́. Adájọ́ á gba ìwé náà wọlé, á ní tó bá dìgbà ìdájọ́ òun á wo bó ṣe wúwo tó: ṣé nǹkan mìíràn wà tó bá a mu, ṣé ẹni náà ráàyè ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe, ṣé ohun tó wà níbẹ̀ ṣeé gbà gbọ́. Láti ayé òyìnbó ni àwọn adájọ́ wa ti ń lo ìdánwò yìí. Ìwé ti wọlé nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n lù, tó wá sẹ́ pé òun ò sọ nǹkan kan, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ di àpò náà pa.

A mọ̀ pé ó ń ṣòro. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa ń sẹ́ ohun gbogbo ni. Ẹ̀yin náà ẹ rántí bí ọmọ ṣe máa ń ṣe tí ẹ bá bi í pé ta ló jẹ ẹran. Nítorí náà ẹ kọ́ wọn ṣáájú: kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yà wá lẹ́nu. Òfin kan náà, ní orí kọkànlélọ́gbọ̀n, ní ìjẹ́wọ́ tó bá dára níbòmíràn kò ní bàjẹ́ torí pé wọ́n tan ẹni náà, tàbí pé wọ́n ní "mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni", tàbí pé ó ti mutí yó, tàbí pé wọn ò kìlọ̀ fún un pé ó lè dákẹ́. A ní kí lọ́yà tún un kà. Ó tún un kà. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá jókòó ti ọmọ yín, tó ń ṣe bí ẹ̀gbọ́n, tó ní kó tú gbogbo ẹ̀ sọ láàárín àwọn méjèèjì, kò sí ọ̀rọ̀ àárín àwọn méjèèjì níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ìlérí bíi "tẹ̀ka kó o máa lọ sílé", èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ wa, ìyẹn lè bọ́ sábẹ́ ohun tó lè mú èèyàn sọ ohun tí kì í ṣòótọ́. Ibi tí ẹ̀tàn parí sí, tí irú ìlérí yẹn bẹ̀rẹ̀, lọ́yà ní ibẹ̀ ni wọ́n máa ń jà sí ní kóòtù.

Àwọn tó bá ń sunkún pé ọmọ ẹlòmíì dárúkọ ọmọ àwọn ní tẹ́ṣàn, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ẹnì kan, orí ẹni tó sọ ọ́ nìkan ló wà. Kò lè di ẹ̀rí lórí ọmọ yín àfi bí ọmọ yín fúnra ẹ̀ bá gbà á, ní ẹnu tàbí ní ìwà.

Ti èdè náà ṣe pàtàkì fún àwa tí a kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní èdè tí ẹni náà fi sọ ọ́, kí wọ́n tó wá túmọ̀ ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ògbufọ̀ ló jókòó láàárín, tó ń gbọ́ Yorùbá tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tó ń kọ̀wé, ògbufọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ wá sí kóòtù wá sọ pé òun ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Bí kò bá wá, ọ̀rọ̀ "mo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan" ni ìwé náà. Ẹ fi èyí náà sọ́kàn.

Ní ìsinsìnyí, ìjọba tún ti fi ìdè mìíràn de ọlọ́pàá. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ níwájú lọ́yà ẹni náà, tàbí ẹlòmíì tó bá yàn, kí wọ́n sì fi fídíò ká a sílẹ̀. Èkó ti ṣe tirẹ̀ ní 2011. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn lọ́yà fi jiyàn: ṣé dandan ni, àbí ìmọ̀ràn lásán? Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ Charles àti Ìpínlẹ̀ Èkó, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá ní dandan ni, pé ìwé tí wọn ò bá gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ní 2024 ó tún sọ bẹ́ẹ̀ nípa òfin ìjọba àpapọ̀ nínú ẹjọ́ Nnajiofor. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ti Ògùn wà lọ́tọ̀, kí lọ́yà yín wò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè bi wọ́n ní tẹ́ṣàn ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lọ́yà ta ló wà níbẹ̀ nígbà tó tẹ̀ka?" Ẹ bi í pẹ̀lú ìtẹríba. Ẹ má jà.

Àti pé Ìwé Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fún ẹni tí wọ́n mú láyè láti dákẹ́ títí á fi rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n fi èdè tó gbọ́ sọ ohun tó ṣe fún un lórí ìwé láàárín wákàtí 24. Bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni kí wọ́n fi gbé e lọ, àfi bí ẹ̀sùn náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń torí ẹ̀ pani. Ní Ṣágámù níbí, kóòtù kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí ojú ọmọ kan rí ní Ìpínlẹ̀ Delta. Moses Akatugba lorúkọ ẹ̀, gbogbo ayé ló gbọ́ nípa ẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n mú un ní 2005, ó ń retí èsì ìdánwò ilé ìwé. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó fi ìbọn gba fóònù mẹ́ta àti owó. Ó ní wọ́n so òun rọ̀, wọ́n lu òun, wọ́n fi ẹ̀mú fa èékánná ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ òun yọ, kí òun tó fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló lò kí ìdájọ́ tó dé. Ní 2013 wọ́n ní kí wọ́n lọ yẹgi fún un. Àwọn èèyàn káàkiri ayé kọ lẹ́tà, ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin, Gómìnà Emmanuel Uduaghan sì dárí jì í ní oṣù karùn-ún 2015, lọ́jọ́ tó ṣẹ́ku ọjọ́ kan kó fi ipò sílẹ̀. Ta nínú wa ló ní ẹni tó máa bá a kọ lẹ́tà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin?

Ọjọ́ 90

Ìdájọ́ ti wáyé, wọ́n ti gbé ọmọ lọ. Kí ló kù? Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló kù, ó sì ní ọjọ́.

Láti ilé ẹjọ́ gíga, irú èyí tó wà ní Ṣágámù tàbí Abẹ́òkúta, lọ sí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn, àádọ́rùn-ún (90) ọjọ́ ni òfin fún ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi. Láti Ìbàdàn lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá, ọjọ́ 30 péré. Ti májísírétì kúrú ju ti ilé ẹjọ́ gíga lọ, ẹ béèrè iye ẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́ gan-an kí ẹ tó kúrò ní ọgbà kóòtù. Ọjọ́ ìdájọ́ ni kíkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹkún bá dá, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bá rówó.

Ìyá tí à ń sọ yìí, kí ló ṣe ní ọjọ́ 90 tirẹ̀? Ó gba ààwẹ̀. Ó lọ bá ẹnì kan tó ní òun mọ èèyàn l'Ábẹ́òkúta, ìyẹn gba owó èésú ẹ̀ tán. A ò bá a wí, ẹni tí ọ̀rọ̀ dé bá kì í mọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ìwé tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò ju ewé kan sí méjì lọ. Ẹlẹ́wọ̀n fúnra ẹ̀ lè sọ fún àwọn wọ́dà pé òun fẹ́ pe ẹjọ́, kí wọ́n bá òun fi ránṣẹ́. Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń pè ní Legal Aid Council, wà láti 1976 fún ẹni tí kò lówó lọ́yà; wọ́n ní ọ́fíìsì ní Abẹ́òkúta.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé náà wà ní ìkọ̀kọ̀ ibì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nasiru Bello ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló ń dẹ́rù bà wá. Wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún un lórí ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lásìkò, ìwé ẹ̀ wà ní kóòtù, wọn ò tíì gbọ́ ọ. Ìjọba Ọ̀yọ́ pa á. Wọ́n pa ẹni tí ẹjọ́ ẹ̀ kò tíì parí! Àwọn ẹbí ẹ̀ gbé ìjọba lọ sí kóòtù, wọ́n pàdánù ní àkọ́kọ́, wọ́n pàdánù lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò sinmi. Ní 1986 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá wọn láre, ó ní ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin, kí wọ́n sanwó fún àwọn tó fi sílẹ̀. Owó náà kò jí òkú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti hàn gbangba pé ẹni tó bá ti pe ẹjọ́, ìjọba kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí ẹjọ́ á fi parí. Nítorí náà, bí ẹ bá ti fi ìwé sílẹ̀, ẹ gba ẹ̀dà tí kóòtù lu òǹtẹ̀, ẹ fún àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sílé.

Bí ọjọ́ bá wá ti kọjá ńkọ́? Ibí yìí ni ìyá náà wà. Ilẹ̀kùn kò tíì tì pa. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lágbára láti fi ọjọ́ kún ọjọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Nǹkan méjì ni wọ́n máa ń wò pọ̀. Èkíní, kí ló dá yín dúró? Ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, pẹ̀lú ìbúra, bí ọjọ́ ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì, ṣé nǹkan kan wà nínú ẹjọ́ náà tó jọ ohun tó yẹ kí wọ́n tún wò? Ẹni tó ní ìdí gidi fún pípẹ́ ṣùgbọ́n tí kò ní nǹkan kan nínú ẹjọ́, wọ́n á lé e. Ẹni tó ní ẹjọ́ tó dára ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ibi tó wà láti ìgbà yìí, ìyẹn náà wà nínú ewu.

Ó sì tún wà níbẹ̀ pé àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í fẹ́ gbọ́ "wọ́n lù mí" fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n á bèèrè pé nígbà tí wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀, níbo lẹnu rẹ wà? Àpò obì tó ti dé Kánò nìyẹn.

Ní ìlú òyìnbó, ọ̀nà gùn ju tiwa lọ. Ní 1972, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọlọ́pàá mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú mẹ́rin ní ibùdókọ̀ ojú irin Oval, wọ́n ní jáwójáwó ni wọ́n. Àwọn ọmọ náà ní wọ́n lu àwọn ní tẹ́ṣàn kí àwọn tó fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́, wọ́n pariwo ẹ̀ ní kóòtù, wọn ò gbà wọ́n gbọ́, wọ́n kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Derek Ridgewell lorúkọ ọlọ́pàá tó ṣáájú àwọn tó mú wọn. Ní 1980 wọ́n fi òun náà sẹ́wọ̀n, olè ni wọ́n torí ẹ̀ mú un, ibẹ̀ ló kú sí. Síbẹ̀ ó di 2019 kí ilé ẹjọ́ tó pa ìdájọ́ àwọn mẹ́ta rẹ́, ti ẹnì kẹrin di 2020. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti di bàbá àgbà. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ kan lọ́hùn-ún tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti gbé ẹjọ́ àtijọ́ padà sí kóòtù. Àwa ò ní irú ẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí a ní ni ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ tó kọjá, àti àánú gómìnà.

Ti àánú gómìnà yẹn, ẹ má gbójú lé e jù. Gbogbo wa la gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti Ọ̀ṣun tí ariwo adìẹ àti ẹyin gba orí rédíò. Wọ́n mú ẹni tí a gbọ́ orúkọ ẹ̀ jù ní 2010. Ní 2014 kóòtù dá ẹjọ́ ikú fún wọn. Àwọn èèyàn ní torí adìẹ ni, kóòtù ní ìdigunjalè ni. Ní oṣù kejìlá 2024 ni Gómìnà Adémọ́lá Adélékè dárí jì wọ́n. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ka ọdún yẹn. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ṣe é, nígbà tó bá fẹ́ ṣe é, òun kọ́ ló sì ń sọ bóyá ó tọ́ kí wọ́n gba ìwé tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà. Kóòtù ló ń sọ ìyẹn.

Ẹgbẹ́ yá ìyá náà lówó. Wọ́n ti gba ẹ̀dà ìwé ẹjọ́ jáde, lọ́yà náà sì fi odindi òpin ọ̀sẹ̀ kan kà á. Ó rí i pé ọlọ́pàá kan ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ náà láti Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì, pé orúkọ ẹ̀ wà lábẹ́ ìwé, àti pé kò yọjú sí kóòtù lọ́jọ́ kankan. Ìyẹn ni wọ́n fẹ́ gbé ka iwájú àwọn adájọ́ Ìbàdàn. Àwa náà bá ìyá náà lọ síbi tó ti búra sí ìdí tó fi pẹ́, ó sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ẹni tó gba owó èésú. Wọ́n ti fi ẹ̀bẹ̀ náà sílẹ̀. Wọn ò tíì fún wa lọ́jọ́.

Lọ́yà náà ti gbà láti tún wá lọ́sàn-án ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ, ọkọ tàbí àbúrò tí wọ́n ti dá ẹjọ́ fún, kó mú nọ́ńbà ẹjọ́ náà wá, kó mú ọjọ́ ìdájọ́ wá lórí ìwé, kí ó má kàn máa sọ pé "ó ti tó ìgbà Iléyá". Káàdì ọsibítù àti fọ́tò ọgbẹ́, bí ẹ bá ní, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kí òjò má pa wọ́n. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní tẹ́ṣàn, kó má dúró de ìpàdé. Kó wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù lójú ẹsẹ̀.